Wágọ̀nù Ẹrù Tí Wọ́n Sọ Di Ilé: Àyẹ̀wò Lẹ́yìn Oṣù 14

Oṣù 14 ni èmi àti ìyàwó mi ti ń gbé inú wágọ̀nù rélùwéè kan tí wọ́n fi ń kó ẹrù nígbà kan rí, èyí tí ilé-iṣẹ́ kan tó yan irú iṣẹ́ yìí láàyò bá wa sọ di ilé. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ kì í ṣe orúkọ, bí kò ṣe ohun tó yẹ kí ó wò, kí ó fọwọ́ kàn, kí ó sì béèrè kí ó tó sanwó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ mi rèé kí n tó máa rojọ́: iṣẹ́ káfíńtà wọn dára, iṣẹ́ irin wọn dára ju bí mo ti rò lọ, wọn kò sì fi ọjọ́ dọ́jọ́ fún wa, ṣùgbọ́n nínú ohun kan ṣoṣo tó ń sọ àpótí irin di ibùgbé ènìyàn, ìyẹn bí a ti ń kápá ooru, otútù àti ọ̀rinrin, wọ́n kùnà nígbà àkọ́kọ́, owó tí a sì fi tún un ṣe kò kéré.

Wágọ̀nù tiwa jẹ́ irú àpótí irin olórùlé tí wọ́n fi ń kó ọkà, bébà àti àwọn ẹrù mìíràn tí òjò kò gbọdọ̀ pa, irú èyí tó kún ojú irin Amẹ́ríkà ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Inú rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40 àti íǹṣì 6, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 9 àti íǹṣì 2, àyè tó wà láti ilẹ̀ dé abẹ́ òrùlé rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Àpapọ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 34, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògiri inú dín in kù. Lófìfo, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 20 lọ. Mo ń ka àwọn iye wọ̀nyí sílẹ̀ nítorí pé àwòrán tí àwọn olùtajà ń fi hàn kì í sọ wọ́n. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa sọ yàrá tóóró di gbọ̀ngàn, ó sì dìgbà tí ènìyàn méjì bá fẹ́ kọjá lára ara wọn níwájú sítóòfù kí wọ́n tó mọ bí ibẹ̀ ti fẹ̀ tó.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ẹni tó ń wá irú ilé yìí yóò bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni wágọ̀nù ìdí ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní caboose, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jókòó lẹ́yìn gbogbo ẹrù, tí wọ́n ń ti inú yàrá onífèrèsé kékeré tó yọ sókè lórí òrùlé wò bóyá ohun kan ń jó tàbí ń wọ́ nílẹ̀ níwájú. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àpótí kékeré kan tó ní iná tí ń ṣẹ́jú, tí wọ́n ń fi kọ́ ìdí wágọ̀nù ìkẹyìn, tó sì ń fi rédíò ròyìn agbára afẹ́fẹ́ inú páìpù bíréèkì fún awakọ̀, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, àìmọye caboose sì di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbé e kúrò nílẹ̀. Wọ́n rẹwà, wọ́n sì ti fi ara da àdògán àti ibùsùn láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọ́n kúrú; inú púpọ̀ nínú wọn kò tó mítà onígun mẹ́rin 30. Èkejì ni àpótí ẹrù bíi tiwa, tí kò ní ẹwà kankan àyàfi èyí tí a bá fún un.

Ẹ̀kẹta ni kọ́ọ̀ṣì èrò, òun gan-an ló sì máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 85 nínú àwọn ti Amẹ́ríkà, ó ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tilẹ̀ lè ní ibùsùn. Ojú lásán yóò sọ pé ilé ni ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, pé ìkálẹ̀ ló kù. Lójú tèmi, òun ló le jù láti sọ di ilé. Fèrèsé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ojú ihò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún omi òjò, ibi tí irin sì ti ń dípẹtà jù lára kọ́ọ̀ṣì ni abẹ́ fèrèsé, níbi tí omi ti ń ṣàn wọ inú ògiri tí kò sì rí ọ̀nà jáde. Iná inú àwọn kọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti ilé-iṣẹ́ Pullman ní Amẹ́ríkà jẹ́ ti fóltì (volt) 32, tí kò bá ohunkóhun tí a ń lò nílé lónìí mu, nítorí náà gbogbo wáyà ni a ó tú. Èyí tó burú jù ni asbestos, ohun èlò olókùn wẹ́wẹ́ tí iná kì í jó, tí wọ́n fi ń wé páìpù ooru, tí wọ́n sì ń fọ́n sára irin lẹ́yìn pákó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú kọ́ọ̀ṣì tí ilé-iṣẹ́ British Railways kọ́ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 ló ní èyí tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tó wà lára àwọn tó léwu jù fún ẹ̀dọ̀fóró. Yíyọ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà, àwọn tó ní ìwé àṣẹ rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣe é, owó wọn sì lè ju iye tí a ra kọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ lọ. Mo gbóríyìn fún ilé-iṣẹ́ tí a lò nítorí pé ọ̀gá wọn ló sọ èyí fún wa nígbà tí a ń na ọwọ́ sí kọ́ọ̀ṣì kan tó wù wá, bẹ́ẹ̀ owó tí wọn ìbá rí lórí rẹ̀ ju èyí tí wọ́n rí lórí àpótí ẹrù lọ.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sínú àṣìṣe nípa irú ilé yìí ni pé ilé àlejò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní Pennsylvania, ilé ìtura kan wà tí ń fi caboose gba àlejò láti 1970. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n to kọ́ọ̀ṣì sórí afárá Selati lókè odò Sabie nínú ọgbà ẹranko Kruger, wọ́n sì ṣí i fún àlejò ní 2020. Ó ti pẹ́ kí ìwọ̀nyí tó dé tí ilé-iṣẹ́ rélùwéè LNER ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi kọ́ọ̀ṣì tó ti rẹ̀ háyà fún àwọn tó ń lọ sinmi, ní 1933. Èmi náà sùn nínú ọ̀kan fún òru méjì kí n tó pinnu, mo sì gbádùn rẹ̀ débi pé n kò bi ara mi ní ìbéèrè kankan. Àmọ́ àlejò òru méjì kì í dáná níbẹ̀ lójoojúmọ́, kì í sá aṣọ tútù sínú yàrá, kì í sì í sí nílé nígbà tí otútù bá mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ẹni tó sùn síbẹ̀ fún òru méjì ti wo ẹwà ilé náà. Kò tíì mọ ìwà rẹ̀.

Àwọn tó gbé inú rẹ̀ ní tòótọ́, tí kì í ṣe fún ìsinmi nìkan, ti kọ́ ọgbọ́n kan láti ọjọ́ pípẹ́. Ní etíkun Shoreham ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn ń ra ara kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti yọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n ń to méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú àyè láàárín, wọ́n sì ń fi òrùlé kan bo méjèèjì àti àyè náà, kí àárín lè di pálọ̀, kí inú kọ́ọ̀ṣì sì di yàrá. Ìjọba palẹ̀ púpọ̀ nínú wọn mọ́ ní 1940 nígbà ogun, ṣùgbọ́n ọgbọ́n òrùlé yẹn kò kú. Òjò kò kan irin mọ́, oòrùn kò sì pa á tààràtà. Bí mo bá ní ilẹ̀ tó tó, tí mo sì ní láti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí n ó ṣe nìyẹn, mo sì rò pé ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa fi lọ oníbàárà kí oníbàárà tó béèrè. Tiwa kò fi lọ̀ wá.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni mo kọ́kọ́ gbà pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ irin. Mo ti rò pé wọn yóò lo wákàtí púpọ̀ láti tú bóòtù tó so àpótí náà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bóòtù kankan: ìwúwo ara rẹ̀ ló fi jókòó lórí àwo irin méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀pá irin kan tó dúró ní àárín àwo kọ̀ọ̀kan ni kò sì jẹ́ kí ó yẹ̀. Kíréènì méjì gbé ara rẹ̀ sókè bí ẹni gbé ìdérí ìkòkò, tírélà kan gbé ara náà, òmíràn gbé kẹ̀kẹ́. Ara rẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí òfin ìrìnnà gbà fún tírélà lásán lọ, nítorí náà wọ́n gba ìwé àṣẹ ẹrù tó fẹ̀, ọkọ̀ kan ṣíwájú, ọkọ̀ kan tẹ̀lé, wọ́n sì ti rin ọ̀nà náà wò ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú láti wọn gíga wáyà iná àti afárá. Ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ bá rọ̀, tàbí tó ní kọ́nà tóóró, kí ó fi èyí sọ́kàn kí ó tó san kọ́bọ̀ kan.

Wọ́n ti tẹ́ ojú irin kúkúrú sílẹ̀ dè é: òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀, pákó ìdábùú, irin méjì tí àyè àárín wọn jẹ́ mìlímítà 1,435. Àwọn kan fẹ́ràn òpó kọnkéré, ó sì dínwó díẹ̀, àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ ń jẹ́ kí omi lọ, ó sì rọrùn láti tún ṣe bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rì. Nígbà tí ìyá ìyàwó mi wá kí wa fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n rí kẹ̀kẹ́, wọ́n sì kọ̀ láti wọlé títí a fi mú wọn lọ wo ìdènà irin tí wọ́n jó mọ́ ojú irin níwájú àti lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó dára, pé ṣùgbọ́n àwọn yóò sùn ní apá ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Iṣẹ́ irin tó tẹ̀lé e ni n kò ní àbùkù kankan fún. Wọ́n há ọ̀dà díẹ̀ lára rẹ̀ ní ibi márùn-ún, wọ́n sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò òjé kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ kàn án, nítorí pé òjé wọ́pọ̀ nínú ọ̀dà irin ayé àtijọ́, ẹni tó bá sì fi ẹ̀rọ yọ ọ́ láìmọ̀ yóò fín ekuru rẹ̀ sí imú ara rẹ̀ àti sí ilẹ̀ àgbàlá. Àyẹ̀wò ní òjé wà níbẹ̀; wọ́n fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó fọ́n yanrìn sí i, wọ́n sì kó ekuru náà lọ nínú àpò tí wọ́n dì. Pákó ilẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n tú pátápátá. Èyí ṣe pàtàkì ju bí oníbàárà ti ń rò lọ: àpótí ẹrù lè ti kó oògùn kòkòrò tàbí kẹ́míkà, pákó ilẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti mu ún, bí a bá sì fi ilẹ̀ tuntun bò ó mọ́lẹ̀, a ti sé òórùn rẹ̀ mọ́ ara wa nìyẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí ènìyàn béèrè ni pé, “Kí ni wágọ̀nù yìí kó kẹ́yìn?” Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀, kí ó tú pákó náà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ògiri irú àpótí yìí ń bá ìpìlẹ̀ rẹ̀ gbé ẹrù ni, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n kàn fi bò ó. Wẹ́dà tó bá kàn gé ihò ńlá sí i bí ẹni gé bébà ti gé iṣan rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Àwọn tiwa kọ́kọ́ jó férémù irin mọ́ inú ògiri yí ibi tí fèrèsé yóò wà ká, wọ́n so ó mọ́ òpó ọ̀tún àti ti òsì, ìgbà náà ni wọ́n tó gé àárín rẹ̀ jáde. Fèrèsé mẹ́rin ni wọ́n gé, mo sì dúró tì wọ́n níbi èyí tó kẹ́yìn. Irin tí wọ́n gé náà nípọn díẹ̀ ju ìbòrí páálí lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ìpele ọ̀dà mẹ́rin bí àlùbọ́sà: pupa, dúdú, àwọ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn náà pupa mìíràn. Ìyàwó mi fi ọ̀kan ṣe pátákó orúkọ ilé, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun sé ti àtijọ́ mọ́ ibẹ̀.

Iṣẹ́ iná náà dára. Gbogbo ihò tí wáyà gbà kọjá nínú irin ni wọ́n fi rọ́bà yí etí rẹ̀, kí irin má baà bó wáyà, wọ́n sì so ara wágọ̀nù fúnra rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá bàbà, nítorí pé ilé tí gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ irin kò gbọdọ̀ ní wáyà kan ṣoṣo tó bó. Kíṣìnnì àti balùwẹ̀ kò ní ìtàn. Wọ́n kéré, wọ́n ń ṣiṣẹ́, omi ń lọ.

Oṣù kẹta ni òórùn bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe òórùn burúkú ní ìbẹ̀rẹ̀; ó dà bí òórùn aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ dáadáa. A rò pé bẹ́ẹ̀dì ni. Nígbà tí mo gbé e kúrò lára ògiri, abẹ́ rẹ̀ ti ń bu, ó ní àmì dúdú tótòtó láti igun kan dé èkejì. Mo mú sukuréwù, mo tú pákó ògiri kan, mo sì fa òwú gíláàsì tí wọ́n fi dí àárín rẹ̀ jáde. Ó wúwo. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin, omi sì so mọ́ orí ríbẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lára irin, ẹyọ kọ̀ọ̀kan yípo, ó mọ́ gaara, bí ìrì ti í jókòó lórí ewé kókò ní ìdájí. Mo fi ìka kan ọ̀kan, ó sì ṣàn lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Òjò kò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ibi kankan kò jò.

Èémí wa ni omi náà. Irin ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún ju bí pákó ti ń gbé e lọ, nítorí náà ẹ̀yìn ògiri wa tutù tó bí ìta ti tutù, bó ti wù kí inú yàrá móoru tó. Afẹ́fẹ́ yàrá tó wà ní ìwọ̀n Celsius 20, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 60 nínú ìdá 100 ohun tó lè gbà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ omi sílẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù tó ìwọ̀n 12. Ìta wa ti wà ní ìwọ̀n 5 fún ọjọ́ mẹ́wàá. Òwú gíláàsì ń dá ooru dúró, ṣùgbọ́n kò dá afẹ́fẹ́ tútù tàbí èéfín omi dúró rárá. Ó ń jẹ́ kí ó gba àárín òun kọjá lọ bá irin. Nígbà tí wágọ̀nù yìí ṣì ń rìn, èyí kò jẹ́ nǹkankan, nítorí pé ọkà kì í wẹ̀, bébà kì í dáná, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé ń jáde lára ilẹ̀kùn tó ní àlàfo. Wọ́n wá sé gbogbo àlàfo náà pa fún wa, wọ́n fi ènìyàn méjì sínú rẹ̀, wọn kò sì ṣe ọ̀nà tí èémí wọn yóò gbà jáde.

A pè wọ́n. Ìdáhùn àkọ́kọ́ wọn ni ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n ní bí a ti ń gbé inú ilé ló fà á, pé à ń se oúnjẹ jù, pé kí a máa ṣí fèrèsé. Nínú otútù. Ìwé àdéhùn wa sọ pé wọn yóò tún iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe láìgbowó fún ọdún kan, wọ́n sì ń jiyàn pé omi kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn. Ó gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwòrán púpọ̀, àti ẹnjiníà kan tí a fi owó ara wa pè, kí ọ̀gá wọn tó wá fúnra rẹ̀. Mo fún un ní sukuréwù, mo sì ní, “Ọ̀gá, ẹ yan èyí tó wù yín.” Ó yan pákó tó jìnnà sí kíṣìnnì jù lọ. Ó tú u, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí a má bínú. Níkẹyìn a pín in: àwọn ni wọ́n san owó òṣìṣẹ́, àwa la san owó ohun èlò.

Iṣẹ́ àtúnṣe náà gba ọjọ́ 19, mo sì lè sọ pé òun ló yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú gbogbo ògiri inú, wọ́n fi fáànù gbẹ irin, wọ́n ha ìpẹtà kúrò, wọ́n kùn ún, wọ́n sì fọ́n fóòmù onídìí, irú èyí tí ihò inú rẹ̀ kò já síra wọn, sára irin tààràtà ní ìpọn íǹṣì 3, láìsí àyè kankan tí afẹ́fẹ́ yàrá lè gbà dé ara irin mọ́. Abẹ́ ilẹ̀ náà kò gbẹ́yìn, nítorí pé afẹ́fẹ́ tutù ń fẹ́ kọjá lábẹ́ ilé tó wà lórí kẹ̀kẹ́ bí ó ti ń fẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ògiri tó ń tú afẹ́fẹ́ inú yàrá jáde tó sì ń gba tuntun wọlé, tí ooru èyí tó ń jáde sì ń mú èyí tó ń wọlé lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀rinrin yàrá kò kọjá ìdá 50 láti ìgbà náà.

Fóòmù náà ní àléébù tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa àyàfi ẹnjiníà náà. A kò gbọdọ̀ sùn sínú ilé títí òórùn kẹ́míkà rẹ̀ yóò fi lọ. Kò ṣeé yọ mọ́ láìfi ọ̀bẹ há a ní díẹ̀díẹ̀. Bí irin bá dípẹtà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìta, a kò ní í rí i láti inú. Nítorí náà ibi tí ihò òjò bá wà lára òrùlé, kí wọ́n jó o pa, kí wọ́n bu omi lé e lórí fún wákàtí kan, kí ẹnìkan dúró sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí fóòmù tó débẹ̀. Ó tún jẹ àyè: íǹṣì 3 lọ́tùn-ún, íǹṣì 3 lósì, pẹ̀lú pákó ìbòrí, ẹsẹ̀ bàtà 9 àti íǹṣì 2 wa di ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 6. Tábìlì tí a ti ṣe mọ́ ìwọ̀n àkọ́kọ́ kò wọlé mọ́, ó wà ní ìta títí di òní.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ le ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé àwọn aláṣẹ ilé kíkọ́ kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni wọ́n ń wò tàbí ilé. Ní Amẹ́ríkà, àfikún kan wọ inú òfin àwòkọ́ṣe fún ilé gbígbé ní 2018, tó wà fún ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà onígun mẹ́rin 37 lọ, tó sì gba àjà tó lọ sílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8. Àpótí ẹsẹ̀ bàtà 40 wọ inú ìwọ̀n yẹn, kọ́ọ̀ṣì èrò kò wọ̀ ọ́. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bóyá òun gba àfikún náà tàbí òun kò gbà á. Kí ènìyàn lọ béèrè kí ó tó ra wágọ̀nù, nítorí pé ohun tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 20 lọ kò ṣeé dá padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn ohun kéékèèké kan kù tí ìwé àdéhùn kì í sọ. Fóònù kì í gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa nínú àpótí irin; a ní láti ra ẹ̀rọ tó ní eriali níta kí a tó bọ́ lọ́wọ́ ìdúró lójú fèrèsé. Òjò ń pariwo, bí fóòmù tilẹ̀ ti dín in kù. Lójoojúmọ́ tí oòrùn bá mú, ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá ti wọ̀, òrùlé a bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ta, ta, láti apá ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí pé irin tó gùn tó mítà 12 ń gùn sí i ju mìlímítà 4 lọ bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 30 lé, ó sì ń padà sípò rẹ̀ ní alẹ́. Ẹ̀rù bà wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní báyìí mo lè fi dídún rẹ̀ mọ ọjọ́ tí ooru mú jù.

Ǹjẹ́ n ó tún gbé iṣẹ́ fún wọn? Fún irin, fún gbígbé àti fún iná, bẹ́ẹ̀ ni, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún ohun tó wà láàárín irin àti pákó ògiri, n ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ fún mi lórí bébà, ìpele dé ìpele, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, n ó sì gbé e fún ẹnjiníà tí kì í ṣe tiwọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń fọ́n fóòmù fún gbogbo oníbàárà báyìí láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ohun kan ló kù nínú tiwa: ilẹ̀kùn irin ńlá tí ń yí lórí àgbá, tí a ní kí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀, ṣì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ní igun òkè lápá òsì, níbi tí rọ́bà etí rẹ̀ ti ká. Wọ́n ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Aṣọ inura tí ìyàwó mi ká bọ ibẹ̀ ní oṣù kẹfà ṣì wà níbẹ̀.